Ìyá Mi Ò Bínú Mọ́

Lọ́dún tí mo lọ kọ́ àwọn Òyìnbó ní Yorùbá nílùú wọn, ìyá mi ò sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ìtàn náà bí ẹni tó lọ gbafẹ́. Àwọn tó bá gbọ́ pé mo lo ìgbà òtútù kan lókè òkun láyé ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni bóyá mo fọwọ́ kan yìnyín. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù. Ohun tó wà lọ́kàn mi kọ́ nìyẹn.

Bẹ́yẹrúnkà n'Ìbàdàn ni ilé wa wà. Aláró ni ìyá mi. Ìkòkò aró mẹ́fà ló tò sí ẹ̀yìn ilé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ láti ọdún dé ọdún, ọṣẹ ò ràn án. Àwọn tó ń ta aṣọ ní Gbági ló máa ń kó aṣọ funfun wá fún un, á sì dá a padà fún wọn ní dúdú tó ń dán. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún un. Inú aró yẹn ni mo ti di tíṣà, kò sì sí ọjọ́ kan tó jẹ́ kí n gbàgbé.

Òmìnira ò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí obìnrin Òyìnbó kan, tó máa ń wá bẹ ilé ìwé wa wò nítòsí Òkè Pádre, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní nílùú òun, àwọn kan ń múra láti wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àti ilé ìwé lọ́dọ̀ wa, wọn ò sì rí ẹni kọ́ wọn ní èdè. Ìwé tí wọ́n ní ti gbó, pásítọ̀ tó ń kọ́ wọn náà ti gbó. Wọ́n ń fẹ́ ẹni tó gbọ́ ọ láti inú ìyá rẹ̀ wá. Wọ́n á gbé mi lọ, wọ́n á gbé mi bọ̀, wọ́n á fún mi ní ibùsùn àti oúnjẹ láti oṣù kẹwàá títí di Àjíǹde. Kò sí owó oṣù. Mo ti gbà kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ibi tó jìnnà jù tí mo dé rí ni Èkó.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó ń fún omi kúrò lára aṣọ. Kò dúró.

"Iṣẹ́ ọ̀fẹ́," ó ní. "Nínú òtútù. Fún àwọn tí wọn ò bí ọ."

"Oṣù mẹ́fà péré ni, Màámi."

"O fẹ́ lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lédè. Ta lo fi sílẹ̀ tí á máa bá mi sọ ọ́ nílé?"

Mo bá bínú. Olórí kunkun ni ìyá mi, kò sì fi ogún rẹ̀ dù mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi gbé inú ilé kan náà tó jẹ́ pé ẹnu àbúrò rẹ̀ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìyá mi kékeré ni mò ń pe àbúrò rẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. "Sọ fún un pé ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò." "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti jẹun." Ìyá mi kékeré á dúró láàárín wa, á máa wo apá ọ̀tún, á máa wo apá òsì, títí á fi ní kí àwa méjèèjì kúrò lójú òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo wẹ̀, mo we gèlè funfun tuntun, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé níbi ìkòkò aró. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í dá gbéra. Òbí á gbé ọwọ́ lé e lórí, á wúre fún un, kó tó ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀nà. Ẹni tí wọn ò bá ṣe ìyẹn fún kò rìnrìn àjò, ńṣe ló kàn jáde nílé.

"Màámi, mo ń lọ. Ẹ wúre fún mi."

Kò gbójú sókè. Apá rẹ̀ wà nínú ìkòkò. Ó ní, "Ọwọ́ mi ò mọ́."

Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Ó ń ro aró rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ sí Èkó fun fèrè ní Bẹẹrẹ, ó tún fun ún. Mo dúró lórí eékún títí ó fi ń dùn mí. Nígbà tó yá, mo dìde, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìró mi, mo sì lọ. Ìyá mi kékeré ló ru àpótí mi dé ìdí ọkọ̀. Òun náà fẹ́ wúre fún mi, ṣùgbọ́n ẹkún ò jẹ́ kó parí rẹ̀.

Mi ò ní fi ìròyìn òkun sú yín. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bì. Ìlú kékeré kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé mi lọ, wọ́n sì fi mí sí yàrá kan lókè ilé obìnrin opó kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó sì ń ṣọ́ èédú lò. Àwa tí à ń pe ọyẹ́ ní òtútù n'Ìbàdàn, eré là ń ṣe. Nígbà tí oṣù kejìlá fi máa wọlé, omi tí mo bá gbé kalẹ̀ láti bọ́jú á ti dì nínú abọ́. Aago mẹ́rin ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú. Mò ń ró ìró sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjìméjì. Ìwẹ̀ náà di díẹ̀díẹ̀, apá lónìí, ẹsẹ̀ lọ́la, bí ẹni tó ń fọ abọ́.

Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kíláàsì wa. Sítóòfù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ èédú láìyó, síbẹ̀ ooru rẹ̀ kì í kọjá ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó tì í. Àwọn márùn-ún ni mò ń kọ́: tíṣà ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin méjì, àti nọ́ọ̀sì àgbà kan tó fi díẹ̀ ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ọ̀sẹ̀ méjì la lò lórí ìkíni nìkan. Ó ń yà wọ́n lẹ́nu pé à ń kí ẹni tó jókòó, à ń kí ẹni tó dúró, à ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, à ń kí ẹni tí òtútù ń pa. Tíṣà ọkùnrin yẹn béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kò sí ẹyọ kan téèyàn lè fi rọ́pò gbogbo rẹ̀. Mo ní ó wà, kó máa dákẹ́.

Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àmọ́ iṣẹ́ náà ń mu ènìyàn gbẹ. Èèyàn á sọ gbólóhùn kan nígbà ọgọ́rùn-ún láàárọ̀, á tún sọ ọ́ lọ́sàn-án, á rí i lọ́la pé bí ìgbà tí wọn ò gbọ́ ọ rí ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mi ò ní fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò sì ní fẹ́ gbọ́ Yorùbá mọ́. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tèmi tẹ̀wù, mo máa ń ro ohun tí mo wá ṣe, ìbéèrè ìyá mi a sì máa padà wá sí mi létí: ta lo fi sílẹ̀ tí á máa bá mi sọ ọ́?

Nọ́ọ̀sì àgbà ni ahọ́n rẹ̀ wúwo jù nínú wọn, òun ló sì ń fetí sílẹ̀ jù. Kò fi ìkíni kankan ṣeré. Bí mo bá wọlé pẹ̀lú yìnyín lórí fìlà, á dìde, á ní, "Ẹ kú òtútù, Tíṣà. Ẹ kú ẹsẹ̀." Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà kìíní láti ilé dé lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀. Ìyá mi ò mọ̀wé. Bàbá akọ̀wé kan wà ní ẹsẹ̀ òkè Mapo, tó máa ń jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú tábìlì kan, tó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Àwọn akọ̀wé tó kù níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n máa ń fi sí lẹ́tà gbogbo ènìyàn, "Inú mi dùn láti kọ ìwé yìí," kódà bí òkú bá sùn nílé. Ti bàbá yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí o bá sọ ló máa kọ, kò ní fi kún un, kò ní yọ kúrò. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń húkọ́, á gbé kálámù sókè, á dúró títí onítọ̀hún á fi húkọ́ tán. Nítorí náà, nígbà tí mo já lẹ́tà náà, ẹnu ìyá mi gan-an ló jáde nínú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o dé ni àbí o ò dé? Akọ̀wé ní lẹ́tà máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ní ẹsẹ̀ ta ló fi ń rìn? Mo gbọ́ pé ọ̀dùnkún ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Jẹ ẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé mi ò kọ́ ọ. Ọmọ ilé kejì ti ṣègbéyàwó, èmi ni mo rẹ aṣọ wọn, mo sì ń dá jókòó bí àgàn. Ta ló ní kí o lọ?"

Kò sí ìwé kíkà gidi kan tí a ní, mo bá gbé lẹ́tà náà lọ sí kíláàsì. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ Yorùbá tó ń gbé inú ilé, kì í ṣe èyí tó wọ kóòtù. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Lẹ́tà mẹ́rin ló dé kí ọdún tó parí, ìbínú ló kún gbogbo wọn, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ há wọn sórí. Lọ́jọ́ kan tí tíṣà ọkùnrin yẹn pẹ́ dé, nọ́ọ̀sì àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ ta lẹ fi ń rìn?" Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn láàárín oṣù náà.

Mi ò sọ fún wọn pé mo máa ń dá ka àwọn lẹ́tà náà, kí n máa ṣà wọ́n bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, bóyá mo lè rí àdúrà kan. Kò sí. Nínú lẹ́tà mẹ́rin, kò sí "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ" kan ṣoṣo. "Ta ló ní kí o lọ?" ló máa ń gbẹ̀yìn. Ó ń dùn mí. Mò ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè láìní àdúrà ìyá lórí, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí òtútù náà fi wọ̀ mí léegun tó bẹ́ẹ̀.

Kó tó di Kérésìmesì ni nọ́ọ̀sì àgbà béèrè ohun kan. Ó fẹ́ mọ bí òun á ṣe sọ fún àwọn ará ilé bí aláìsàn bá kú mọ́ òun lọ́wọ́.

"Ẹ ò ní sọ ọ́," mo ní.

Gbogbo wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bá ṣàlàyé. Mo ní a kì í ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ènìyàn. Ẹ máa ní kó jókòó. Ẹ máa fún un ní omi, ẹ máa fún un ní oúnjẹ, nítorí bó bá gbọ́ tán, kò ní jẹun mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Ẹ máa bi í léèrè àwọn tó wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ máa rìn yí ọ̀rọ̀ náà ká títí á fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì yẹn ní, "Bó bá wà ní ọ̀nà jíjìn ńkọ́?"

Mo ní, "A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ta ló máa dì í mú níbẹ̀? A máa ní ara gbogbo wa le. Bó bá dé, tó wẹ̀, tó jẹun, àwọn àgbà á wá jókòó tì í."

Tíṣà ọkùnrin ní irọ́ nìyẹn. Mo ní kì í ṣe irọ́, ẹrù rẹ̀ la ń bá a rù títí á fi dé ilé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo rántí pé mo fi ìgbéraga rìn padà sí ilé opó lọ́jọ́ yẹn, tí mò ń yọ̀ lórí yìnyín.

Lẹ́tà karùn-ún dé lẹ́yìn ọdún tuntun. Bébà kan náà ni, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà.

"Ọmọ mi ọ̀wọ́n, a kí ọ púpọ̀. Ara gbogbo wa le. Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn, á sọ àlọ rẹ di ayọ̀, á sọ àbọ̀ rẹ di ayọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ. Fi ọkàn balẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ, má ṣe ìyọnu kankan nítorí ilé."

Mo kà á lórí ìdúró, mo jókòó, mo tún un kà, mo sì sunkún ayọ̀. Àdúrà tí mo ń wá rèé. Mo gbé e lọ sí kíláàsì bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun jáde. Nọ́ọ̀sì àgbà ló kà á sókè, díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ìyá yín ò bínú mọ́," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Wọ́n ti dárí jì mí."

Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé ní ìdajì ọ̀sán. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò mọ òtútù lára. Mo tilẹ̀ ń bá opó yẹn ṣe àwàdà.

Lẹ́tà kẹfà dé. Òun náà kún fún àdúrà, àfi bíi pé a da ti karùn-ún kọ. Ara wa le, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, fi ọkàn balẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà tún kà á sókè fún wa. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tó parí, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ojú kà á lẹ́ẹ̀kejì láìsọ̀rọ̀, ó ká a, ó sì gbé e lé tábìlì mi. Kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e, opó pè mí wá sísàlẹ̀ pé mo ní àlejò. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ó gbé abọ́ kan tó fi aṣọ dé. "Ẹ kú ilé, Tíṣà. Ẹ kú òtútù." Ìrẹsì ló sè, pẹ̀lú ọbẹ̀ kan tó fi ata sí. Mi ò mọ ibi tó ti rí ata nílùú yẹn. Ó bu omi wá kí n fi fọ ọwọ́. Ó ní, "Ẹ jẹun ná." Mo jẹ ẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ ò tó, mo sì sọ fún un, nítorí tíṣà ni mí. Ó dúró títí mo fi jẹ ẹ́ ju ìdajì lọ. Lẹ́yìn náà ó gbé àga rẹ̀ láti iwájú mi wá sí ẹ̀gbẹ́ mi.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ ní ọmọ ìyá?"

"Rárá. Èmi nìkan ni."

"Ta ló wà nílé pẹ̀lú ìyá yín?"

Mo ti la ẹnu láti dá a lóhùn kó tó yé mi. Omi, oúnjẹ, ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe iwájú, ta ló wà nílé. Ẹ̀kọ́ tí èmi fúnra mi kọ́ wọn ló ń tẹ̀ lé, ní ẹsẹẹsẹ, kò fo ọ̀kan. Mo gbé síbí kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?" mo ní.

"Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo kan kà á."

Mo bínú sí i. Mo sọ̀rọ̀ sí obìnrin yẹn tí mi ò lè tún sọ síbí. Mo ní ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ò tíì yí "ọgbọ́n" dáadáa ló fẹ́ wá sọ ti ìyá mi fún mi. Ó kó abọ́ rẹ̀, ó wọ kóòtù rẹ̀, nígbà tó sì dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ máa bínú, Tíṣà. Ó dáa kí ẹ bínú."

Lẹ́yìn tó lọ, mo to lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí èèyàn bá ń sunkún, ó ṣì ń ríran. Mẹ́rin àkọ́kọ́, ìyá mi wà nínú wọn, ó ń jà, ó ń pariwo, ó ń béèrè ẹni tó ní kí n lọ. Méjì tó gbẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Obìnrin tí kò lè rán ọmọ rẹ̀ lọ ra iyọ̀ láìbá a jà, ibo ló ti rí ohùn jẹ́jẹ́ yìí? Ọmọ Ìbàdàn ni mí, inú àṣà yẹn ni wọ́n bí mi sí, mo tún gba ẹnu kọ́ni nípa rẹ̀, síbẹ̀ Òyìnbó ló kà á fún mi. Ojú tó ń wá ìdáríjì ò rí nǹkan mìíràn.

Mi ò kọ̀wé béèrè. Bí mo bá béèrè, wọ́n á tún ní láti wá nǹkan sọ, ẹrù tí wọ́n ń bá mi rù á tún wúwo sí i. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè mí, ọkọ̀ mi sì di lẹ́yìn Àjíǹde. Mo kọ̀wé padà pé mo rí àdúrà, mo ṣe àmín, kí wọ́n bá mi kí Màámi. Mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo lọ fi ránṣẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí.

Oṣù méjì tó kù, mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo ń jí, mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, mo ń lọ kọ́ wọn. Mo kọ́ wọn ní orúkọ oúnjẹ, orúkọ àìsàn, bí wọ́n ṣe ń ná ọjà. Nọ́ọ̀sì àgbà ń jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò sí wàhálà. A ò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí mo wọlé tí tíì gbígbóná kì í ti wà lórí tábìlì mi. Lọ́jọ́ tí mo fi wọ́n sílẹ̀, òun ló sìn mí dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Kò mọ̀ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sìn mí dọ́jú ọ̀nà láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìyá mi kékeré dúró dè mí ní Bẹẹrẹ. Ó ti rù. Ó dì mọ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ojú ọ̀nà ṣe rí, bí mo ṣe pupa. Nígbà tí a dé ilé, kò jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn ilé. Omi ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ń gbóná. Mo wẹ̀. Iyán ti wà nílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹran ìgbẹ́. Mo jókòó, mo jẹun. Gbogbo ilé ń wò mí jẹun, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí kò wò. Ó yé mi pé ẹni tó gún iyán náà sunkún sí i. Mo jẹ ẹ́ tán pátápátá, torí mo mọ̀ pé ìyẹn nìkan ni mo lè ṣe fún wọn.

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, baálé ilé wa, wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní ayé ni ọjà. Ó rìn yí ọ̀rọ̀ náà ká, ó ń rìn, ó ń rìn. Mo fi orí lé eékún rẹ̀ kó má bàa rìn jù. Ìbà ọjọ́ márùn-ún ló mú Màámi lọ, ní oṣù kejìlá. Mo ti mọ̀ láti oṣù méjì, síbẹ̀ nígbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀, mo ké bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Ọjọ́ kẹta, mo lọ sí ẹsẹ̀ òkè Mapo. Bàbá akọ̀wé wà lábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó gbé kálámù kalẹ̀.

"Ọmọ mi, méjì tó gbẹ̀yìn yẹn, èmi ni," ó ní. "Àwọn àgbà ilé yín ló bẹ̀ mí. Mi ò kọ ohun tẹ́nìkan ò sọ rí láyé mi."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Mo gbìyànjú kí n jà sí ọ bí ìyá rẹ ṣe máa ń jà. Kò ṣe é ṣe. Èèyàn lè yá àdúrà lò, kò sẹ́ni tó lè yá ìjà ìyá rẹ lò." Ó ṣí dùráwà tábìlì rẹ̀. "Èyí ló ń sọ lọ́wọ́ kí àìsàn tó mú un. Wọ́n ní kí n má fi ránṣẹ́, pé kò yẹ kí òkú máa bá ọmọ rẹ̀ jà. Mo ní kí n tọ́jú ẹ̀ dè ọ́."

Bébà kan ni. Àmì àtàǹpàkò aró wà létí rẹ̀, ibi tó ti dì í mú láti wò ó, òun tí kò mọ̀wé.

"Ìwọ ọmọ yìí, mo gbọ́ pé òtútù ibẹ̀ ń pa ènìyàn. Mo ti rẹ aṣọ kan tó nípọn fún ọ, ó wà nínú àpótí. Ta ló ní kí o lọ? Lọ́jọ́ tí o ń lọ, mo ní ọwọ́ mi ò mọ́. O we gèlè funfun, ọwọ́ mi kún fún aró, ṣé kí n gbé e lé ọ lórí bẹ́ẹ̀ ni? Mo ní kí n ro ìkòkò yẹn tán kí n fọ ọwọ́. Ìgbà tí mo máa fọ̀ ọ́ tán, ìwọ ti lọ. Gbogbo ìwé tí o kà, o ò lè dúró kí ìyá rẹ fọ ọwọ́? Akọ̀wé, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ti fọ ọwọ́ náà o. Bí o bá dé, kí o wá kúnlẹ̀ kí"

Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn "kí".

"Ibẹ̀ ló dúró sí," bàbá náà ní. "Ó ní aró òun ń dúró, pé òun á wá parí ẹ̀ lọ́la."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, níwájú tábìlì, nínú eruku, tí àwọn tó ń gòkè lọ sí Mapo ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Bàbá akọ̀wé ò sọ pé kí n dìde. Ó dúró dè mí, bó ṣe máa ń dúró de ẹni tó ń húkọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tètè dìde.